Ọ̀rọ̀ Tí Tàńtì Kò Kọ

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kejì

Wọ́n ní Tàńtì Bernadette ti ta ilẹ̀.

Kì í ṣe ilẹ̀ tirẹ̀. Ilẹ̀ Massè ni, níbi tí àtíbàbà àwọn onígààrí wà: ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, àwọn ààrò, kànga. Ọkùnrin kan láti Kútọnu fẹ́ kọ́ ilé epo síbẹ̀. Àdéhùn abúlé ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ibẹ̀ àyàfi bí olórí àwọn obìnrin bá gbà. Tàńtì, àbúrò ìyá mi, ni olórí wọn. Láti ọdún tó kọjá ló ti ń sọ pé rárá.

Lánàá, lẹ́yìn Máàsì, ọ̀rọ̀ kan wọ inú grúpù Wásáàpù wọn láti orí nọ́ńbà rẹ̀. Faransé ni. Ó ní òun gbà, kí kálukú kó ẹrù rẹ̀ kúrò kí òjò tó dé. Faransé tó mọ́ tónítóní, gbogbo àmì orí lẹ́tà pé.

Tàńtì kì í kọ nǹkan. Ohùn ló máa ń fi ránṣẹ́ — ohùn gígùn, ewúrẹ́ a máa ké lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń sọ ní Massè báyìí ni pé: "Ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n tó mọ̀wé. Òun ló bá a kọ ọ́."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n yẹn ni èmi.

Inú ń bí mi. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà kọ ọ́ sínú grúpù wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Tàńtì ti dé kí n tó ṣí ìsọ̀ tí mo ti ń tún fóònù ṣe. Zẹ́mì, ọ̀kadà akérò, ló gbé e wá láti àárín Massè, eruku pupa dé ìpéǹpéjú rẹ̀. Kò dúró gba ìkíni mi. Ó na fóònù sí mi bí ẹni tó fi ìka méjì di àkeekèé mú.

Ó ní, "Wò ó. Apá ọ̀tún ló wà."

Ó yé mi. Nínú Wásáàpù, apá òsì ni ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn máa ń wà, apá ọ̀tún ni tìrẹ, lórí àwọ̀ ewé. Tàńtì kò ka Faransé dáadáa, ṣùgbọ́n ó mọ apá tirẹ̀. Ó ní ó dà bí ìgbà tí èèyàn jí láàárọ̀ tó bá ipa ẹsẹ̀ àjèjì lórí ẹní rẹ̀.

N kì í kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ìbéèrè ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Ṣé ó já bọ́? Rárá. Ṣé ẹnìkan pè yín pé kí ẹ ka nọ́ńbà kan fún òun? Rárá. Ṣé ẹ tẹ ohun kan tí wọ́n ní ẹ ti jẹ ẹ̀bùn?

"Èmi? Ta ni yóò fún mi lẹ́bùn?"

Ṣé fóònù náà ti ń ṣe ohun àjèjì kan ṣáájú?

Ó ní láti bí ọdún tuntun, fóònù náà ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kí òun tó gbọ́ ọ. Ohùn tí àwọn obìnrin bá fi ránṣẹ́ láàárọ̀, kí òun tó ṣí i, àmì tuntun ti kúrò lára rẹ̀. "Mo rò pé ó ti ń darúgbó bíi tèmi ni."

Kì í ṣe ogbó. Ẹnìkan ń bá a gbọ́ ọ.

Mo wọ inú ètò rẹ̀, mo wá ibi tí wọ́n kọ "Appareils connectés" sí. Ibẹ̀ ni Wásáàpù ti ń sọ ẹ̀rọ mìíràn tó ń lo orúkọ rẹ. Ó wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan. Windows. Wọ́n ti lò ó láàárọ̀ yìí gan-an.

Mo ṣàlàyé fún un, mo tún un ṣàlàyé, n kò kánjú. Ẹni tó bá rí fóònù yín mú fún ìgbà díẹ̀, tó sì mọ kóòdù rẹ̀, á kan fi kámẹ́rà rẹ̀ wo àwòrán kan, igun dúdú àti funfun kéékèèké, lójú kọ̀ǹpútà. Ó parí. Láti ìgbà náà lọ, kọ̀ǹpútà náà ń gbọ́ ohun tí ẹ ń gbọ́, ó sì lè sọ̀rọ̀ lórúkọ yín. Kódà kí fóònù yín wà lábẹ́ ìrọ̀rí.

Mo ya àwòrán ohun tí mo rí. Lẹ́yìn náà mo lé kọ̀ǹpútà náà jáde.

"Ó ti kú?"

Mo ní ó ti jáde.

"Ta ni?"

Kò sí orúkọ níbẹ̀. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n bu ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ fún.

Mo wá bi í léèrè ọ̀rọ̀ tó kù: "Tàńtì, ta ló mọ kóòdù yín?"

"Ta ni kò mọ̀ ọ́n?"

Ọjọ́rú, 5

Oríta Massè. Ìsọ̀ Ràzákì, tó ń bá gbogbo ayé gba iná sí fóònù. Pánẹ́ẹ̀lì oòrùn lórí páànù, pákó gbọọrọ tí ihò iná kún ara rẹ̀, àga gígùn níwájú. Ẹni tó bá ń lọ oko a fi fóònù sílẹ̀ fún un láàárọ̀, a gbà á padà nírọ̀lẹ́. Pẹ̀lú fóònù, a fi kóòdù sílẹ̀.

Ṣọ́ọ̀kì ló fi ń kọ kóòdù náà. Sí ẹ̀yìn fóònù. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi méjèèjì.

Mo bi í pé kí nìdí. Ó wò mí bí ẹni tí wọn kò kọ́ nílé. Fóònù tó bá ń ké tí a kò dá lóhùn, ṣé kì í ṣe àrífín ni? Gbígbé ìpè kò gba kóòdù, ó mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ohùn bá wọlé láti ọ̀dọ̀ ẹbí ńkọ́? Bó bá jẹ́ ọ̀fọ̀, tàbí ìbímọ, òun gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ, kí òun rán ẹnìkan lọ sóko. "Ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀ ní Oko-Akarè, ta ni yóò sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ti kú? Ìwọ?"

Òtítọ́ ni. Ohun tó dára ni wọ́n ń ṣe. Ohun tó dára yẹn gan-an ni ihò.

Mo bi í bóyá ó ń gbọ́ ohùn inú grúpù àwọn obìnrin.

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Kí n gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ọkọ wọn, kí n tún máa kí àwọn ọkọ náà lójú pópó?"

Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dí, ẹni tó bá wà lórí àga a bá a gbọ́ ohùn tó wọlé, a bá a fèsì. Ta ló ń gbé kọ̀ǹpútà wá síbẹ̀? Ọ̀gá ilé-ìwé. Katikíísì ṣọ́ọ̀ṣì. Gildas awọnlẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò. "Oòrùn kò mọ ojú ẹnìkan."

Nígbà náà ni inú bí i. "Olè lò ń pè mí?"

Mo ní rárá. Mo ní ìlẹ̀kùn ni mo pè é, ìlẹ̀kùn tí wọn kò tì. Ó mú àkísà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ẹ̀yìn àwọn fóònù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò wo ojú mi mọ́ títí mo fi lọ.

Ọjọ́bọ̀, 6

Wọ́n fi èédú kọ "Ó TÀ WÁ" sára ògiri ìsọ̀ mi. N kò ní fọ̀ ọ́. Kí ẹni tó kọ ọ́ máa kọjá, kó máa kà á.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Ṣẹ́ẹ̀fù abúlé ránṣẹ́ pè mí. Oyèbánjí lorúkọ rẹ̀. Bàbá Òǹtẹ̀ ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, torí kò sí ohun tí kì í lu òǹtẹ̀. Mo ti rí òǹtẹ̀ rẹ̀ lára ìdérí kúlà omi.

Gildas wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ilé-ìwé kan náà ni a jọ lọ. Òun ni awọnlẹ̀ tí ọkùnrin Kútọnu bẹ̀ lọ́wẹ̀, òun ló wọn ilẹ̀ àtíbàbà láti igun dé igun. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè ìyá mi. Gbogbo Massè ló ń wò ó ní ìwò ẹ̀gbẹ́. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìwò ẹ̀gbẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí, àwọn tó ní Windows sì pọ̀.

Bàbá Òǹtẹ̀ ní, "Ọmọ mi, orúkọ ni àwọn àgbà ń fẹ́. Ràzákì ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Mo ní n kò mọ̀.

"O kàwé dé Dakar, o kò mọ̀?"

"Ìwé tí mo kà ló jẹ́ kí n mọ̀ pé n kò mọ̀, Bàbá."

Ó fi ìka lu tábìlì. Ó ní ìpàdé máa wà lọ́jọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, lábẹ́ àtíbàbà fúnra rẹ̀. Bí kò bá sí orúkọ nígbà náà, a jẹ́ pé Tàńtì ló kọ ọ́, ọwọ́ mi ló sì fi kọ ọ́. Òun á lu òǹtẹ̀ sí ìwé ilẹ̀. Wọ́n á yọ Tàńtì kúrò nínú ẹgbẹ́. Òun á sì ní kí wọ́n ti ìsọ̀ mi.

Mo ní, "Ẹ lu òǹtẹ̀ sí ìyẹn náà."

Gildas rẹ́rìn-ín. Bàbá Òǹtẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Bàbá Èṣùbíyì pè mí wá sábẹ́ máńgòrò. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, ẹ̀gbọ́n Tàńtì. Òun ló kù tó ń bọ òrìṣà ilé wa. Àwa yòókù ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ, kò sì bá wa jà rí. Ó bu sódàbì, ògógóró wa, síwájú.

Ó ní ọ̀nà kan wà tó rọrùn. "Sọ pé réséò ni."

Mo ní báwo?

Ó ní ta ni kò mọ réséò, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù? Ó ń já, ó ń da ọ̀rọ̀ pọ̀, ó ń gbé ohùn àná wá lónìí. Bí mo bá dúró lọ́jọ́ Àìkú, èmi tí mo mọ̀ ọ́n, tí mo ní réséò ló gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sórí nọ́ńbà Bernadette, ta ni yóò jiyàn? Ṣẹ́ẹ̀fù kò ní tijú. Bernadette á padà sórí àga rẹ̀. Ràzákì á rí oúnjẹ jẹ. "Ẹ di gbogbo rẹ̀ ru réséò. Kò ní ìyá tí yóò sunkún nítorí rẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, mi ò lè ṣe é kí n má rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo rí i pé ó lè ṣiṣẹ́. Ẹnu mi nìkan ló kù.

Mo ní, "Bàbá, zẹ́mì tó gbé àlejò wá kọ́ ló bú onílé. Réséò ń gbé ọ̀rọ̀ ni, kì í ronú rẹ̀. Bí mo bá dì í rù ú lónìí, lọ́la yóò ta oko yín, ẹ ò sì ní rí ẹni tí ẹ máa mú."

"Orí kunkun rẹ yìí, ti ìyá rẹ ni."

"Ẹ ṣeun."

Ó bu díẹ̀ fún mi. Mo mu ún.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Ní Máàsì, kò sẹ́ni tó jókòó ti Tàńtì, lọ́tùn-ún lósì. Ó kọrin sókè ju bó ṣe máa ń kọ ọ́ lọ.

Ọjọ́ Ajé, 10

Mo lọ sí àtíbàbà láìsí ẹni tó pè mí. Èéfín, ooru, ìjókòó ilẹ̀. Bí wọ́n ṣe rí mi ni wọ́n kọ̀yìn sí mi. Adùnọlá — Atarodo ni mo ń pè é, igbákejì Tàńtì, tí oyè olórí ti ń wù ú tipẹ́ — kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò nínú agbada gààrí.

"Ẹ kú àmójútó o. Ó wá wọn èyí tó kù."

Mo mú ọ̀bẹ, mo jókòó ti òkìtì ẹ̀gẹ́, mo ń bó o. Bíbó ẹ̀gẹ́ gba sùúrù, èmi náà sì ní sùúrù. Nígbà tó pẹ́, Ìyábùnmi, ẹni tí ọmọbìnrin rẹ̀ wà nínú oṣù ìbímọ, sún mọ́ mi. Ṣé òótọ́ ni pé ẹlòmíràn lè wọ inú tòun náà?

Mo nu ọwọ́, mo fi hàn án. Ẹ tẹ ibí. Ẹ wo ibí. Bí ẹ bá rí ẹ̀rọ tí ẹ kò mọ̀, ẹ lé e. Ẹ yí kóòdù yín padà, ẹ má sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kódà Ràzákì, kódà ọkọ. Kóòdù bíi pákò ni: bó ti wù kí a fẹ́ràn ara wa tó, kálukú ló ní tirẹ̀. Ẹni tó bá ń retí ọ̀rọ̀ pàtàkì, kó fún àwọn ará ilé ní nọ́ńbà Ràzákì. Kí wọ́n pe Ràzákì fúnra rẹ̀.

Méjì ló wá, lẹ́yìn náà púpọ̀ wọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú kóòdù wọn jẹ́ 0000. Atarodo pariwo láti ìdí ààrò pé tòun kò rí bẹ́ẹ̀, òun kì í ṣe òmùgọ̀.

1111 ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Mo ti mọ̀. Mi ò wá a. Òun ló wá mi.

Espérance, ìyàwó Gildas. Ọmọ ìlú Kpoulou ni, kò tíì pẹ́ tí Gildas fẹ́ ẹ wá síbí. Ilé wọn wà lẹ́yìn oko, kò sí aládùúgbò. Ó ru agbọ̀n ata, ó ní òun kàn yà kí mi ni. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti ba kọ̀ǹpútà ọkọ mi jẹ́. Mi ò fẹ́ kó mọ̀."

Mo ní kó sọ bó ṣe rí. Ó ní apá ibì kan ló bàjẹ́: ibi tí ohùn àwọn obìnrin ti ń jáde. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló yí padà di àwọn igun dúdú àti funfun kéékèèké, bí ẹní ìyá òun. Kò sọ̀rọ̀ mọ́.

"Obìnrin wo?"

"Àwọn onígààrí Massè."

Láràárọ̀, bí Gildas bá ti gun alùpùpù rẹ̀ lọ, òun a ṣí kọ̀ǹpútà náà, òun a gbé e ka orí àpótí nílé ìdáná, òun a máa gbọ́ wọn bí òun ṣe ń dáná. Gildas kò mọ̀. Òun rò pé bíi rédíò ni, pé ẹni tó bá ṣáà ní kọ̀ǹpútà lè gbọ́ ọ. "Ẹ bá mi tún un ṣe. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ Ìyábùnmi ti bí."

Mo lè tẹ̀ lé e lọ sílé nígbà náà. Mo lè ya àwòrán ẹ̀rọ náà, kí n ní mo ń tún un ṣe, kí n sì gbé ẹ̀rí jáde níbẹ̀. Ọ̀nà kan náà tí Gildas gbà wọ fóònù Tàńtì nìyẹn. N kò ní gbà á.

Mo fún un ní àga. Mo ṣàlàyé fún un bí mo ṣe ń ṣàlàyé fún ẹni gbogbo. Kì í ṣe rédíò. Etí Tàńtì ni kọ̀ǹpútà náà gbé wọ̀. Ẹnu Tàńtì náà sì ni. Inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn ti jáde.

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò retí:

"Kì í ṣe èmi ni wọ́n ń kí, nígbà náà?"

Nítorí àwọn obìnrin náà, bí wọ́n bá fẹ́ fi ohùn ránṣẹ́, ohun tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ni "Gbogbo ilé, ẹ kú àárọ̀ o." Ó sì ń dá wọn lóhùn. Láràárọ̀, nílé ìdáná, lóun nìkan.

Ó dìde. "Bí mo bá sọ ọ́, ilé mi tú."

Mo ní mo mọ̀. Mo ní n kò ní dárúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́rú, 12

Mo sọ fún Tàńtì pé mo ti mọ ẹni náà, pé n kò sì lè dárúkọ rẹ̀. N kò fẹ́ purọ́ fún un.

"O mọ̀ ọ́n, o wá fi í sẹ́nu bí obì?"

Mo ní ẹni tó bá gbé àìsàn ẹ̀rọ rẹ̀ wá bá mi, àṣírí rẹ̀ ni, kì í ṣe tèmi. Níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, a búra bẹ́ẹ̀. Bí a kò tilẹ̀ búra, bẹ́ẹ̀ náà ni.

"Dakar ló bí ọ?"

Mo ní mo lè jàre láìlo orúkọ náà. Mo máa fi hàn wọ́n bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, wọ́n á rí i pé kò gba ọwọ́ yín.

"Bí wọn kò bá rí i ńkọ́?"

Ó ká ìró rẹ̀ mọ́ ìdí, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Èmi kò ta ilẹ̀, Fúnkẹ́. Ìwọ lò ń tà mí."

N kò tíì kọ ohun tó wúwo tó ìyẹn sínú ìwé yìí. Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi. Kò dùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Gildas dá alùpùpù dúró lójú ọ̀nà láti kí mi. "Ṣé kò sí ìyọnu?" Mo ní kò sí. Ó wù mí kí n bù ú jẹ.

Ọjọ́ Àìkú, 16

Kí n kọ ọ́ ní títò kí inú mi tó tutù.

Abẹ́ àtíbàbà. Wọ́n ti pa iná ààrò, ooru ṣì wà lára rẹ̀. Bàbá Òǹtẹ̀ lẹ́yìn tábìlì, ìwé ilẹ̀ níwájú rẹ̀, òǹtẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Gildas jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Tàńtì kọ̀ láti jókòó. Kò wo ọ̀dọ̀ mi.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀. Mo gbé kọ̀ǹpútà mi kalẹ̀. Mo ní ẹni tó bá rò pé fóònù òun kò lè sọ ohun tí òun kò sọ, kó jáde wá.

Atarodo ti dìde kí n tó parí. "Tèmi nìyí! Bí ó bá ṣeé ṣe, ṣe é kí n rí i!" Mo ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ kóòdù rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó pariwo rẹ̀ bí ẹni tó ń polówó: "Mo ti yí i padà o! 2222!"

Mo ṣe é lójú gbogbo wọn, mo ń sọ ohun tí mò ń ṣe. Fóònù wo àwòrán. Ó parí. Mo dá fóònù padà fún un, mo ní kó fi í sínú ìró, kó so ó dáadáa. Ó so ó ní kókó méjì.

Mo wá tẹ ọ̀rọ̀ kan lórí kọ̀ǹpútà, ní Yorùbá.

Fóònù dún káàkiri àtíbàbà. Ìyábùnmi ló kà á sókè: "Adùnọlá ní, 'Bernadette ni mo fẹ́ kó máa ṣe olórí wa títí ayé.'"

"Irọ́!" Atarodo fò sókè, ó ń tú kókó ìró rẹ̀. "Irọ́ ni! N kò sọ bẹ́ẹ̀! Ẹ wò ó, abẹ́ ìró mi ló wà!" Ó tú fóònù jáde, ó wò ó. Ohùn rẹ̀ yí padà. "Ẹ gbà mí. Apá ọ̀tún ló wà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú àwọn kan. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń wo Tàńtì.

Mo rò pé ó ti tán.

Bàbá Òǹtẹ̀ gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "A ti rí i. Ẹ̀yin náà ti rí i. Ta ló ṣe é? Òun ni. Ta ló tún mọ̀ ọ́n ṣe ní Massè? Kò sí. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi ara rẹ̀ hàn wá."

Kíkùn bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ "òtítọ́ ni" lẹ́yìn mi. Kò tíì ṣẹlẹ̀ sí mi rí kí àlàyé mi yé àwọn èèyàn tó bẹ́ẹ̀ kó sì di okùn fún ọrùn mi. Bàbá Èṣùbíyì tẹ̀ síwájú, ó sọ ọ́ sí mi létí: "Réséò. Sọ ọ́ kíákíá."

Mo sọ̀rọ̀ sókè kí gbogbo wọn gbọ́: "N kò ní sọ pé réséò ni. N kò ní sọ pé Ràzákì ni. Mo mọ ẹni tí ó jẹ́, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀, torí kò sí ẹni tó gbé e fún mi kí n gbé e fún yín. Ẹ ti ìsọ̀ mi. Ẹ lu òǹtẹ̀ sí mi níwájú orí. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí kò kọ ọ̀rọ̀ yẹn, bí ẹ bá sì fi gba ilẹ̀ yìí, ẹ mọ̀ pé olè lẹ fi gbà á."

Bàbá Òǹtẹ̀ mú òǹtẹ̀.

Espérance gba ẹ̀gbẹ́ kànga wọlé. Ó fi aṣọ wé nǹkan kan, ó gbé e rù. Ó ń rìn bí ẹni tó ru omi tí kò fẹ́ kó dà.

Gildas dìde ìdajì. "Espérance. Padà sílé."

Kò wò ó. Ó dúró láàárín, ó ní: "Gbogbo ilé, ẹ kú ọ̀sán o."

Gbogbo àwọn obìnrin náà dá a lóhùn kí wọ́n tó mọ̀ pé wọ́n ń dáhùn.

Ó kọjú sí Ìyábùnmi. "Ẹ ní bí ó bá jẹ́ obìnrin, orúkọ ìyá yín lẹ máa sọ ọ́. Ẹ ní ẹ kò sọ fún ọkọ ọmọ yín." Ẹnu Ìyábùnmi là sílẹ̀. Ó kọjú sí Atarodo. "Ẹ̀yin lẹ ní orí ń fọ́ ọkọ yín kìkì ìgbà tí ọkọ́ bá kàn án. Ẹ sín ọkọ yín jẹ, ẹ ní, 'Yéè, orí mi o.' Mo rẹ́rìn-ín títí ọbẹ̀ mi fi jóná." Ó ń lọ láti ẹnì kan dé ẹnì kejì, ó ń fún kálukú ní ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ padà, pẹ̀lú ohùn rẹ̀, pẹ̀lú ibi tó ti mí. Kò ṣe àṣìṣe kan.

Ó wá dé iwájú Tàńtì. "Ẹ̀yin lẹ sọ fún wọn lọ́jọ́ ọdún tuntun pé, bí ẹ bá kú, kí wọ́n sin yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò kẹta, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ilẹ̀ náà tà."

Tàńtì fọwọ́ bo ẹnu.

"N kò sí nínú grúpù yín. Ẹ kò mọ̀ mí. Inú kọ̀ǹpútà ilé wa ni mo ti ń gbọ́ yín." Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó gbé e lé tábìlì Bàbá Òǹtẹ̀, lórí ìwé ilẹ̀. Ó tú aṣọ rẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ kọ̀ǹpútà Gildas.

Gildas ní òun lè ṣàlàyé.

Bàbá Òǹtẹ̀ wo kọ̀ǹpútà, ó wo Gildas. Ó fi òǹtẹ̀ sínú àpò.

Espérance ṣì dúró níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ òfo, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Atarodo ló kọ́kọ́ mira. Ó gbé àpótí tó fi ń jókòó, ó gbé e sí ẹ̀yìn rẹ̀.

"Jókòó," ó ní. "Ọmọ Ìyábùnmi ti bí lánàá. Obìnrin ni."

Ọjọ́ Ajé, 17

Wọ́n ti tún dáná. Láti ojú ọ̀nà ni mo ti gbọ́ ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́.

Ọ̀dọ̀ Tàńtì ni Espérance sùn. Tàńtì ránṣẹ́ sí mi — ohùn, ewúrẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní kí n wá jẹun. Ó ní òun kò tíì dárí jì mí, ṣùgbọ́n kí n wá jẹun.

Kò tíì di ọ̀sán tí Gildas fi dé ìsọ̀ mi. Kò jókòó. Ó ní wọ́n ti dá kọ̀ǹpútà òun padà, ìyàwó òun ni wọn kò dá padà. Ó ní òun ti gbọ́ pé àwọn obìnrin ra fóònù fún un.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní kí n fún òun ní nọ́ńbà rẹ̀.

Mo ní kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

"Kò fẹ́ fún mi."

"Mo mọ̀," mo ní.